Ẹ Yí Fọ́tò Náà Padà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alákòóso Ilé Ìkàwé Ìjọba ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin alákòóso ilé ìkàwé ìjọba ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ìwé. Ọ̀rọ̀ àpótí la bá wá: àpótí páànù tó wà lábẹ́ ibùsùn ìyá àgbà, tí fọ́tò bàbá tó lọ ogun Hitler wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà mélòó kan, ìwé owó oṣù, àti mẹ́dà tó ti dúdú. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀, kí àwọn ẹbí gbé àpótí wọn wá, kí a ya ohun inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lójú wọn, kí wọ́n sì gbé e padà sílé. A ò ní kí ẹ gba ẹrù ẹnikẹ́ni.

Ará Ìbàdàn tó ń gba Mọ́kọ́lá kọjá mọ Báráàkì Letmauk. Ará Èkó mọ Dodan lọ́nà Ọbáléndé, ó mọ Arakan ní Àpápá. Bọ́mà, tó ń jẹ́ Myanmar lónìí, ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, láti ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti bá àwọn ará Japan jagun ní 1944 àti 1945. Ọlọ́kadà àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pè é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹnu wọn ti mọ́ ọn bí ẹni ń pe Dùgbẹ̀. Ẹ wá bi èrò inú ọkọ̀ léèrè orúkọ sójà kan ṣoṣo tó jà ní Letmauk. Wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ má bá wọn wí, torí àwọn tó ń kọ ogun náà sílẹ̀ nígbà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ kọ orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo kámẹ́rà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ayàwòrán tiwọn, sójà ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ò sì ju fọ́tò àti fíìmù lọ. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n yà wà ní Imperial War Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Lọ́ńdọ̀nù, títí dòní. Ọ̀kan nínú kámẹ́rà fíìmù tí wọ́n ń lò ni DeVry. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wé e bí aago, kì í gba ohùn, fíìmù 100 ẹsẹ̀ bàtà ló sì ń jẹ lẹ́ẹ̀kan. Bí fíìmù náà bá ń sáré bó ṣe yẹ, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ni yóò tán. Ẹni tó gbé e ní láti wá ibòji kan, kó ṣí kámẹ́rà, kó ki òmíràn sí i, kó tún máa wé. Fíìmù ìgbà yẹn kò sì fẹ́ òkùnkùn rárá. Nínú igbó ọparun àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, níbi tí ẹni tó ń yìnbọn kì í ti í rí ẹni tó ń yìnbọn lù ú, kí ni kámẹ́rà fẹ́ rí? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń ru ẹrù sórí la máa ń rí, àwọn tó ń sọdá odò, àwọn tó ń la ọ̀nà 75 máìlì tí Dífíṣọ̀n 81, ọ̀wọ́ ńlá àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ gbẹ́ wọ Kaladan, àti ọ̀gágun tó ń bọ sójà lọ́wọ́ ní ọ̀sán gangan. Òru tí wọ́n fi sá, ibà, òùngbẹ, ẹkún, kò sí èyí tó bọ́ sínú ìṣẹ́jú kan yẹn.

Ayàwòrán máa ń kọ àlàyé mọ́ ohun tó bá yà, ọjọ́ àti ibi tó ti yà á. Orúkọ ọ̀gá òyìnbó máa ń wà níbẹ̀. Ní ti àwọn tiwa, «sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà» ni wọ́n sábà máa ń kọ, ó tán. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá bàbá rẹ̀ lórí íkànnì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, kó má fi orúkọ bàbá wá a. Kó tẹ «West African», «Kaladan», «Arakan» tàbí «Nigeria Regiment». Àwọn fọ́tò tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SE tàbí IND ni kó máa yẹ̀ wò, torí àwọn ni ti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà àti ti Íńdíà.

Ìwé ojúmọ́ ogun náà bẹ́ẹ̀. Bàtálíọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sílẹ̀. Àwọn ti Bọ́mà wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní WO 172. Tí òyìnbó bá kú, orúkọ rẹ̀ lẹ ó kà. Tí tiwa bá kú, ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́ta, AOR, ìyẹn sójà Áfíríkà tí kì í ṣe ọ̀gá, pẹ̀lú iye wọn. Mẹ́ta kú, méje fara gbọgbẹ́. Ta ni mẹ́ta yẹn? Inú àpótí páànù ni ìdáhùn wà, bí ikán ò bá tíì jẹ ẹ́.

Ó wá ku lẹ́tà. Níbí ni a ti fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ jù, torí àwọn ẹbí fúnra wọn máa ń sọ fún wa pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. «Àlàáfíà ni mo wà, mo sì lérò pé ẹ̀yin náà wà bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.» Lẹ́tà mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ rántí pé púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀wé. Sójà á sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀wé á sọ ọ́ di èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé míṣọ́ọ̀nù, ọ̀gá wọn á kà á kó tó lọ, á sì fi yíǹkì pa ibi tí kò wù ú tàbí kó fi àlùmọ́gàjí gé e. Tó bá délé, tíṣà tàbí akọ̀wé ìta kóòtù ni yóò tún kà á fún ìyá rẹ̀ ní Yorùbá. Ẹnu mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ kan gbà kọjá. Ó burú tí ohun tó kù níbẹ̀ bá jẹ́ àlàáfíà nìkan?

Ẹ má wá ogun nínú ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà, ara bébà ni kí ẹ ti wá a. Ẹ wo nọ́ńbà FPO, ìyẹn pósọ́fíìsì ojú ogun. Wọn kì í jẹ́ kí sójà kọ orúkọ ibi tó wà, nọ́ńbà yìí nìkan ló lè júwe rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́. Ẹ wo òǹtẹ̀ ẹni tó yẹ lẹ́tà náà wò. Ẹ wo ibi tí wọ́n gé, kí ẹ sì ka gbólóhùn tó ṣáájú ihò náà àti èyí tó tẹ̀lé e. Paríparí rẹ̀, ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé. Tí lẹ́tà ẹbí kan láti Ìkìrun àti lẹ́tà ẹbí mìíràn láti Ìṣẹ́yìn bá jẹ́ ọwọ́ kan náà, pẹ̀lú kíkọ «g» kan náà tí ìrù rẹ̀ gùn, ọkùnrin méjèèjì yẹn wà níbì kan náà, ẹnì kan ló sì ń bá wọn kọ̀wé. Fáìlì ìjọba kò lè sọ èyí fún yín. Àfi kí àpótí méjì pàdé lórí tábìlì kan.

Àwọn díẹ̀ kọ tiwọn fúnra wọn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16, ilé ìwòsàn ojú ogun ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹta 1944, ọta ìbọn ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ létí odò Kaladan. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, fara pa mọ́ lẹ́yìn ọ̀tá fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, ará abúlé ló ń gbé oúnjẹ fún wọn ní kọ̀rọ̀, títí tí ọmọ ogun tiwọn fi padà dé ní ìparí ọdún náà. Ìtàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ jáde ní ìwé ní 1999, ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 55 lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn lù ú. Bó bá kú lọ́mọ ọdún 60, ohun tí à bá ní lọ́wọ́ kò ju AOR kan tó sọnù lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí fọ́tò. Ti inú àpótí kì í sábà jẹ́ ti ojú ogun. Fọ́tò ilé ayàwòrán ni, ní Íńdíà tàbí lẹ́yìn tí wọ́n délé: ọkùnrin kan dúró ṣánṣán, aṣọ alámì lẹ́yìn rẹ̀, fìlà etí gbàrọ̀gbàdà lórí. Ẹ wo apá rẹ̀. Tí bájì náà bá jẹ́ aláǹtakùn, Dífíṣọ̀n 81 ni. Orí aláǹtakùn náà máa ń kọ sí ilẹ̀, kó lè dà bí ẹni tó ń lọ síwájú bí sójà bá na ìbọn. Tó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó kọ ara wọn nínú òṣùká, Dífíṣọ̀n 82 ni. (Òṣùká o! Àwọn òyìnbó tó yan àmì náà mọ ẹni tó ru ogun wọn lórí.) Tí mẹ́dà onígun mẹ́fà bá wà láyà rẹ̀, ẹ fi gíláàsì ńlá ka ọ̀rọ̀ tó yí àárín rẹ̀ ká, torí Burma Star àti 1939–1945 Star jọra bí ìbejì. Oṣù karùn-ún 1945 ni wọ́n dá Burma Star sílẹ̀, nítorí náà fọ́tò tí mẹ́dà náà bá hàn nínú rẹ̀ kò lè ṣáájú ìgbà náà, ohun yòówù tí ẹbí bá sọ. Gẹ̀ẹ́sì kò fín orúkọ sára àwọn mẹ́dà yìí. Mẹ́dà tó bá kúrò nínú àpótí tirẹ̀ ti di mẹ́dà aláìlórúkọ nìyẹn. Ẹ so ó mọ́ nọ́ńbà àpótí lójú ẹsẹ̀.

Ojú fọ́tò la ti ń sọ yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣe iyebíye jù: òǹtẹ̀ ilé ayàwòrán tó ń sọ ìlú tó ti yà á, orúkọ ọ̀rẹ́ tó fún, ọjọ́, ìgbà mìíràn iye owó tó jẹ ẹnì kan. A ti rí àwòrán tí wọ́n yà sínú kọ̀ǹpútà dáadáa, tó mọ́ rekete, tí kò sẹ́ni tó yà ẹ̀yìn rẹ̀, tí fọ́tò gan-an sì ti jóná. Ojú kan, ẹ̀yìn kan, àti fọ́tò tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn pẹ̀lú, kí ẹni tó bá ń wò ó lẹ́yìn ọ̀la mọ̀ pé òfìfo ni.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà rèé. Tábìlì mẹ́ta, ènìyàn mẹ́fà. Ní tábìlì àkọ́kọ́, ẹ fún àpótí ní nọ́ńbà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé e wá, kí ẹ sì ka ohun inú rẹ̀ síta lójú rẹ̀. Ní tábìlì kejì ni scanner pẹrẹsẹ méjì wà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Scanner tó ń fa bébà gbà inú ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, yóò ká fọ́tò mọ́ra tàbí kó fà á ya. 600 dpi (ìyẹn iye àmì tóótòòtó nínú ínṣì kan) ni kí ẹ fi ya fọ́tò, 1200 tó bá kéré bíi ti pásípọ́ọ̀tù, àwọ̀ kíkún ni kí ẹ sì lò bó tilẹ̀ jẹ́ dúdú òun funfun ni fọ́tò náà, torí àwọ̀ bébà àti ti yíǹkì wà nínú ohun tí a ń tọ́jú. TIFF, irú fáìlì tí kì í gé nǹkan kúrò lára àwòrán, ni kí ẹ fi pa á mọ́, kí ẹ wá ṣe JPEG tó fúyẹ́ fún ẹbí. Tí ẹ bá ka ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ohun kan, ojú àti ẹ̀yìn, àpótí tó ní 40 nǹkan yóò gba wákàtí méjì. Fọ́tò tó tó káàdì ìkíni ń gba nǹkan bí 20 megabyte lójú kan, àpótí kan kò ní ju 2 gigabyte lọ, dísìkì 1 terabyte yóò sì gba àpótí 500. Owó ibẹ̀ kò pọ̀ rárá. Tábìlì kẹta ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu, a ń bọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ, ọwọ́ wa ni. Fọ́tò tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù: ẹ má ṣí i, ojú fọ́tò ni yóò bá gíláàsì lọ. Ẹ yà á pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù olójú gọ́ọ̀mù: ẹ fi okùn tí wọ́n fi ń nu àárín eyín rọra gbà á lábẹ́, bó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ ya ojú ewé náà lódindi. Lẹ́tà tó ti gbẹ níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ: ẹ má fipá tẹ́ ẹ. Ẹ fi sáàárín bébà funfun méjì, kí ẹ gbé ìwé kan tí kò wúwo jù lé e títí di ọjọ́ kejì. Píìnì tó ti dípẹtà, ẹ fi ike pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù. Báírò kò gbọdọ̀ kan ẹ̀yìn fọ́tò. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni, 2B tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, létí bébà. Ẹ sì bá wa sọ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n yéé gbé fọ́tò bàbá wọn lọ lámínéètì. Iná ẹ̀rọ yẹn ń yọ́ ike mọ́ ọn, kò ṣeé ṣí mọ́ láéláé, bí òógùn bá sì wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló máa ti bu.

Nẹ́gátífù ń fẹ́ ìṣọ́ra tirẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ «SAFETY» síbẹ̀, ó dára. Tí kò bá sí, tó ń rùn tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó lè jẹ́ irú ti àtijọ́ tó máa ń gbaná bí ẹ̀tù. Ẹ gbé e kúrò nínú yàrá ìwé, síbi tútù tí afẹ́fẹ́ wà, kí ẹ má sì gbé e sórí scanner tó gbóná.

Àwọn ọmọdé yóò fẹ́ fi fóònù wọn tún fọ́tò náà ṣe. Áàpù tó ń kun àwọ̀ tàbí tó ń tún ojú ṣe kì í tún nǹkan kan ṣe, ojú tuntun ló ń dá sórí ojú bàbá. Imú tó rí síbẹ̀ lè má jẹ́ imú ẹnikẹ́ni tó gbáyé rí. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣeré, ẹ fún wọn ní JPEG. WhatsApp sì máa ń fún fọ́tò mọ́ra. Ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, sójà tó wà lọ́mọ ọdún 18 ní 1944 ti dé ẹnu ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwọ̀nba ló kù. Àwọn ọmọ àti ìyàwó wọn la ó máa bá sọ̀rọ̀, kí a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni. Ẹ pa fáànù, ẹ ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ gba ohùn ní WAV, ẹ má gbà á ní MP3 tó máa ń gé lára ohùn. Ẹ má bi wọ́n pé «Báwo ni ogun náà ṣe rí?» Ogun ò dáa ni wọn ó sọ fún yín, wọn ó sì dákẹ́. Ẹ gbé fọ́tò sí wọn níwájú. Ta ló dúró lápá òsì rẹ̀ yìí? Ta ló bá a kọ lẹ́tà? Kí ló kọ̀ tí kì í jẹ mọ́ nígbà tó dé? Ẹ jẹ́ kí ará Èkìtì sọ Èkìtì, kí ará Ọ̀wọ̀ sọ Ọ̀wọ̀, bí wọ́n sì ṣe sọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́.

Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ tó ń jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n wá fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe orúkọ bàbá, Lásísì kan di Lasisi Ibadan, Jósẹ́fù kan di Joseph Ogbomosho. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹbí fi ń wá ènìyàn wọn tó kú sójú ogun lórí íkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun, tí wọn ò rí i. Ẹ fi orúkọ ìlú wá a, ní gbogbo bí òyìnbó ṣe lè kọ ọ́. Bí nọ́ńbà sójà bá wà nínú ìwé owó oṣù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA/, òun ló dájú jù. Nǹkan bí orúkọ 27,000 ló wà lára òpó ìrántí Rangoon ní Bọ́mà, ti àwọn tí kò ní sàréè tí a mọ̀. Tiwa wà níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé ìyọ̀ǹda, ẹ ka nǹkan mẹ́ta fún un, kó mú ọ̀kan: kí gbogbo ayé rí i, kí ó wà ní ilé ìkàwé nìkan, tàbí kí ẹbí nìkan gba ẹ̀dà. Ìtẹ̀ka tó, bí kò bá mọ̀wé. Fọ́tò òkú, ọ̀tá ni o tàbí tiwa, àti ti ọkùnrin tó wà níhòòhò lórí ibùsùn ọsibítù, ẹ má gbé e síta, kódà bí ẹbí bá gbà. Tí ilé méjì bá ń bá ara wọn jà lórí bàbá kan náà, ẹ kọ ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan sọ. Ẹjọ́ wọn kò kan ilé ìkàwé. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ṣe: ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan ní ìlú mìíràn, ọ̀kan fún ẹbí.

Bí àpótí kan bá dé tó jẹ́ ti ogun abẹ́lé 1967 sí 1970, tàbí ti Làìbéríà, ẹ má dá a padà. Iṣẹ́ kan náà ni.

Àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù. Fọ́tò kì í lẹ̀ mọ́ra nígbà ọyẹ́, ìwé sì máa ń gbẹ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ a máa ká fọ́tò bí ẹni ká ẹní, ẹ má fipá nà án, yóò sán. Eruku rẹ̀ náà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀: lẹ́yìn gbogbo fọ́tò mẹ́wàá, ẹ nu ojú scanner. Tí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ fi tó wa létí. A ó gbé scanner kan wá, àti pẹ́ńsùlù. Iná àti tábìlì ni kí ẹ bá wa wá.

Àwa ni tiyín,
Àwa tí a ń to ìwé àti fọ́tò àwọn sójà àtijọ́